Bí Motimọ̀ Ṣe Di Olórí Omi

Ọkùnrin kan wà tí kò sẹ́ni tó lè sọ ohunkóhun fún. Kì í ṣe pé etí rẹ̀ di o. Etí rẹ̀ ń gbọ́ dáadáa, ó tilẹ̀ ń gbọ́ èyí tí wọn kò sọ. Àìsàn tó ń ṣe é ni pé kó o tó la ẹnu, ó ti mọ ohun tó o fẹ́ wí. Bí wọ́n bá ní ewúrẹ́ ti wọ oko rẹ̀, á ní, "Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀." Bí wọ́n bá ní ejò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ orí igi ló ti máa sọ ọ́. Lọ́jọ́ tí ìyàwó rẹ̀ bí ìbejì, agbẹ̀bí jáde wá kí i kú oríire ọmọ méjì, ó mi orí, ó ní òun ti mọ̀ láti oṣù kẹta. Fìlà ọkùnrin kan ṣoṣo ló rà sílẹ̀. Obìnrin sì ni àwọn ọmọ náà, àwọn méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ ní Motimọ̀ nìyẹn. Àwọn òbí rẹ̀ fún un lórúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n bó o bá fi orúkọ yẹn wá a kiri abúlé, wọn á ní kó o lọ bi wọ́n ní abúlé kejì. Kò bínú sí ìnagijẹ náà. Ó gbà pé oyè ni. Àwọn àgbà ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Motimọ̀ kò lo ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n rí láyé rẹ̀, ẹ̀yin náà ẹ wá ṣírò ohun tó kù.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ bí oko wọn ṣe rí. Odò kékeré kan wà lẹ́yìn abúlé náà. Lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, nígbà tí ebi ẹ̀ẹ̀rùn ti sú tọmọdé tàgbà, wọ́n kó ara wọn jọ, wọ́n fi òkúta àti sìmẹ́ǹtì sé odò náà, wọ́n sì fi ọkọ́ àti ṣọ́bìrì la ojú omi kan láti ibẹ̀ gba àárín àkùrọ̀ kọjá. Wọn kò retí ẹnikẹ́ni kó wá bá wọn ṣe é. Oko mọ́kànlélógójì ló tò sí ẹ̀gbẹ́ ojú omi náà, láti orí omi níbi ìsédò títí dé ìparí omi. Oko kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn irin kékeré tí jórinjórin abúlé fi ìdérí dúrọ́ọ̀mù ṣe. Bó o bá gbé ilẹ̀kùn rẹ sókè, omi á wọ oko rẹ. Bó o bá sọ ọ́ kalẹ̀, omi á lọ sọ́dọ̀ ẹni tó kàn. Kò le rárá, àfi bí èèyàn bá gbàgbé láti sọ ilẹ̀kùn kalẹ̀.

Motimọ̀ kì í gbàgbé. Ó ń mọ̀ọ́mọ̀ ni. Òun ló ni oko àkọ́kọ́, lẹ́bàá ìsédò gan-an, ilẹ̀ dúdú tí bàbá rẹ̀ ti ń dá kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ojú omi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí koríko pàápàá bá ti gbẹ, tòmátì tirẹ̀ á pọ́n, á tóbi, á máa dán. Ẹni tó bá ń kọjá lọ, Motimọ̀ á dá a dúró, á fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ó ní kì í ṣe omi ló ń mú tòmátì ṣe dáadáa. Ìmọ̀ ni.

Oko tó kẹ́yìn pátápátá, ti Ìyá Onílá ni, opó kan tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kí omi tó gba iwájú ogójì ilẹ̀kùn kọjá, èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ ìyá náà kò tó èyí tí ẹyẹ máa fi fọ ẹsẹ̀. Nígbà gbogbo ló ń fi ọ̀pá rẹ̀ rìn wá sókè, á bẹ Motimọ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó sọ ilẹ̀kùn rẹ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Motimọ̀ á gbọ́ ẹ̀bẹ̀ náà dé ìdajì, á ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, á sì tù ú nínú.

"Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀. Omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni."

Ibi tó dúró sí tó fi ń sọ ọ́, omi tí ìyá náà ì bá mu ti mù ún dé kókósẹ̀.

Nígbà tó di ọdún kẹrin, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ rí i pé bí àwọn ò bá ṣòfin, ìdajì àkùrọ̀ náà máa padà di igbó. Wọ́n ṣèpàdé lọ́sẹ̀ mẹ́fà léraléra nínú kíláàsì kan ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbàlagbà jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kéékèèké, orúnkún wọn ń kan àgbọ̀n. Tíṣà ni akọ̀wé. Obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni, òun ló sì kọ́ ìdajì abúlé náà níwèé. Ó kọ́ Motimọ̀ náà, tàbí ká kúkú sọ pé ó gbìyànjú ẹ̀. Motimọ̀ kò yọjú sí ọ̀kankan nínú ìpàdé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yẹn. Ó ní kí lòun tún fẹ́ lọ gbọ́.

Ìkeje ló lọ, torí ó gbọ́ pé wọ́n máa yan Olórí Omi. Wọ́n ti fi àgádágodo sí gbogbo ilẹ̀kùn, Olórí Omi ni yóò sì máa mú gbogbo kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Òun ni yóò máa rin ojú omi láàárọ̀, tí yóò máa ṣílẹ̀kùn fún oko kọ̀ọ̀kan bó bá ṣe kàn án. Motimọ̀ rò ó wò. Ó ti ń ṣe ọ̀gá lórí ilẹ̀kùn kan láti ọdún mẹ́rin, ó sì ti gún régé. Ẹ wá wo ogójì lé kan. Ó wẹ̀, ó para, ó gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú láti ilé rẹ̀ lé orí, ó sì ra fèrè bíi ti rẹ́fírì sápò ṣáájú ìdìbò.

Tíṣà bèèrè ẹni tó fẹ́ ṣe é. Àwọn kan ń wo àjà, àwọn kan ń wo bàtà wọn, jórinjórin ń ka èékánná ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ti sọnù. Motimọ̀ wo yíká, ó rí i pé ọ̀wọ̀ òun ni wọ́n ń ṣe. Ó dìde.

"Ẹ má wulẹ̀ dààmú. Èmi náà ni."

Tíṣà ṣí ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Kí n tó kọ orúkọ rẹ sílẹ̀, jẹ́ kí n ka òfin kẹsàn-án sí ọ létí. Ọ̀rọ̀ ẹni tó bá máa ṣe Olórí Omi ló dá lé."

"Mo ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, mà."

"O mọ gbogbo ẹ̀?"

"Látòkè délẹ̀."

Tíṣà bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún bi í lẹ́ẹ̀kejì. Motimọ̀ ní kí wọ́n má fi àkókò ṣòfò. Láti ẹ̀yìn, láàárín àwọn obìnrin, ìyàwó rẹ̀ dìde, ó ní, "Bàbá wọn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á." Motimọ̀ rẹ́rìn-ín, ó sọ fún ilé pé ìyàwó òun fẹ́ràn ìtàn. Ó gba bíírò lọ́wọ́ Tíṣà, ó sì fọwọ́ síwèé, ìfọwọ́síwèé ńlá kan tó bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà kan tó sì parí lórí ìlà kẹrin.

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Kí n má purọ́, wọ́n pàtẹ́wọ́ kọjá ibi tí ìpàtẹ́wọ́ máa ń mọ. Jórinjórin pàtẹ́wọ́ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, tó ń fi fìlà nù ún. Motimọ̀ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ó ṣèlérí pé lábẹ́ òun, òùngbẹ kò ní gbẹ oko ẹnikẹ́ni mọ́. Gbogbo ilé dáhùn pé àwọn gbà á gbọ́.

Ìgbà yẹn gan-an sì ni nǹkan ń wọ ojú ọ̀nà fún un. Àwọn ọmọ tòmátì rẹ̀ ti hù lẹ́yìnkùlé, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ náà ló gbọ́dọ̀ hú wọn lọ gbìn sóko. Ó ti ro oko àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀, ó ti da ìgbẹ́ adìyẹ sí i, ó ti la ipa sí i tónítóní. Tòmátì ẹ̀ẹ̀rùn yìí ni ilé rẹ̀ fi ń jẹun títí òjò á fi dé. Bó bá kọ̀ tí kò so, kò sí òmíràn tí wọ́n lè gbójú lé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Motimọ̀ so kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlélógójì mọ́ ìbàdí, ó fi fèrè kọ́rùn, ó sì ń dún ṣaworo ṣaworo lọ sóko. Kó tó dé ibẹ̀ ló ti rí ẹnì kan tó jókòó sórí àpótí kékeré láàárín oko rẹ̀, tó ń fi ìka mẹ́ta ri kóró ilá mọ́lẹ̀. Ìyá Onílá ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, Olórí Omi," ni ìyá náà wí. "Ẹ kú iṣẹ́ ìlú."

"Ìyá, kí lẹ̀ ń ṣe nínú oko mi?"

Ìyá náà wò ó lójú. "Òfin kẹsàn-án ni. Wọ́n ní ẹni tó bá ń pín omi, oko tó kẹ́yìn ni kó máa dá, kí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sì bọ́ sí tiẹ̀. Tíṣà ní ẹ ti mọ̀ ọ́n."

Ẹ wò ó, nǹkan kò tíì bàjẹ́ títí dé ibẹ̀ yẹn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló lè gbà á sílẹ̀: èmi ò mọ̀. Bó bá sọ ọ́, bóyá wọ́n á tún ìpàdé pè. Motimọ̀ la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà gòkè dé ọ̀fun rẹ̀, ó wo ojúlé tí kò gbà jáde rí, ó sì padà sílé.

"Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ kẹ̀," ló wí. "Mo kàn ní kí n wá wò ó bóyá ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni."

Nígbà tí kò rí nǹkan míì ṣe, ó fọn fèrè. Ìyá náà dúpẹ́, ó bèèrè ohun tí fèrè náà wà fún, Motimọ̀ sì ti ń lọ.

Láti ọdún mẹ́rin tí ojú omi náà ti wà, kò rìn kọjá oko kẹwàá rí. Ó wá rìn ín lọ́jọ́ náà. Gbogbo ẹni tó bá pàdé ló ń kí i kú oríire, ó sì ń dáhùn. Bó ṣe ń lọ ni ojú omi ń kéré sí i, ẹrẹ̀ ń ga sí i, títí tó fi dé ibi tí ilẹ̀ funfun tó sì là sí wẹ́wẹ́. Oko rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nínú oko ogójì, obìnrin kan kẹ́yìn sí i, ó ń fi abọ́ bu omi láti inú garawa, ó ń wọ́n ọn sídìí ẹ̀fọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Motimọ̀ rántí pé òun ti di aláṣẹ.

"Ìyá yẹn, ta ló fún yín lómi?"

Obìnrin náà yíjú padà. Ìyàwó rẹ̀ ni.

"Odò ni, Bàbá wọn. Mo ti pọn ọ́n nígbà mẹ́jọ láti ìdájí."

Láti ọdún mẹ́rin ló ti ń dáko níbẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí Motimọ̀ ń jẹ lálaalẹ́, tó sì ń sọ pé iyọ̀ rẹ̀ kò tó, ibẹ̀ ló ti ń wá. Ọ̀nà odò gba iwájú oko àkọ́kọ́ kọjá. Ojoojúmọ́ ló ń rí i tó ń gbé garawa kọjá, ó tilẹ̀ máa ń kí i kú iṣẹ́ láti inú omi tó dúró sí, ó rò pé omi ìdáná ni. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó dùn ún ju bó ṣe rò lọ. Ó fẹ́ bi í pé láti ìgbà wo. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti mọ ohun gbogbo kì í béèrè ọ̀rọ̀, ó sì ní òun ti mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà. Ìyàwó rẹ̀ tẹ̀ síwájú, ó ń wọ́n omi rẹ̀ lọ.

Tọkọtaya náà jọ gbin tòmátì yẹn sórí ilẹ̀ funfun ni. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ewé rẹ̀ ti ń kọrí sílẹ̀. Bí òfin ṣe wí ni Motimọ̀ ń ṣílẹ̀kùn, láti oko kìíní lọ sísàlẹ̀, àmọ́ ìgbà tó bá fi máa kan tirẹ̀, iyanrìn tútù ló kù. Orí rẹ̀ bá dà rú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rin ojú omi láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. Ó rí àkísà tí jórinjórin fi há ilẹ̀kùn tirẹ̀ kó má baà dé tán, ó fọn fèrè títí etí fi ń ro ó. Ó rí ibi tí akàn lu sí, ó dí i. Kò sí ọ̀pọ̀lọ́ kan nínú omi yẹn tí kò mọ̀ lójú. Á dúró sórí bèbè, á máa wàásù fún àwọn tó wà lórí omi pé kí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run, kí wọ́n rántí àwọn tó wà nísàlẹ̀, pé ṣé àwọn yẹn kì í ṣe èèyàn ni. Àwọn tó gbọ́ ọ rò pé ó ti yí ẹ̀sìn padà.

Síbẹ̀ omi kò dé. Láàárín oko kìíní sí èkejì, omi ń dínkù, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó ń gbà.

Ohun kan wà tí n kò tíì sọ fún yín, ojú ló ń tì mí fún un. Lọ́dún kejì tí wọ́n la ojú omi, Motimọ̀ ti ri páìpù kan mọ́ abẹ́ ilẹ̀, láti inú ojú omi wọ àárín oko rẹ̀, kí oko náà lè máa mu bí ilẹ̀kùn bá tilẹ̀ wà ní títì. Òun nìkan ló mọ̀. Ó sì ti pẹ́ tó fi gbàgbé, torí ohun tó bá ń ṣe ni láǹfààní kì í sábà dúró ní iyè ẹni. Páìpù kò gbàgbé ní tiẹ̀. Tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé oko ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ló ń tẹ ilẹ̀ tútù. Motimọ̀ ló da omi síwájú, Ìyá Onílá ló wá ń tẹ ilẹ̀ tútù. Ilá rẹ̀ ga kọjá orí rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé òótọ́ ni Motimọ̀ sọ, omi téèyàn máa mu kì í ṣàn kọjá ẹni.

Ọjọ́ kan lọ́sàn-án, bí Motimọ̀ ṣe ń wo ilá yẹn, ó rántí. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, ó sì tún bàjẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bó bá sọ fún ẹgbẹ́, ó ti jẹ́wọ́ olè. Bó bá dákẹ́, tòmátì rẹ̀ á kú tán, ilé rẹ̀ á sì gbààwẹ̀ títí òjò á fi dé. Ó pinnu pé òun máa yọ ọ́ ní ọ̀sán gangan ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn bá ti lé gbogbo èèyàn wọlé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀hún, Tíṣà ránṣẹ́ sí i pé ìgbìmọ̀ ń bọ̀ wá wo ojú omi lọ́sàn-án. Oníṣẹ́ kò tíì sọ ju "ìgbìmọ̀ ń bọ̀" lọ tí Motimọ̀ fi ní òun ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Etí tó bá gbọ́ àlọ ló ń gbọ́ àbọ̀. Etí tirẹ̀ kò gbọ́ àlọ, ìgbátí ni àbọ̀ fún un.

Nígbà tí Tíṣà, jórinjórin àtàwọn márùn-ún míì dé ìsédò lọ́sàn-án, ìdí èèyàn ni wọ́n kọ́kọ́ rí, ìdí tó ga sókè láti inú ojú omi, tí kọ́kọ́rọ́ mọ́kànlélógójì ń jó lára rẹ̀. Wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó. Ó fa nǹkan lẹ́ẹ̀kan, kò já. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, ó gbin. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, nǹkan náà tú lójijì, Motimọ̀ sì fìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú páìpù gígùn kan láyà.

Jórinjórin kí i kú iṣẹ́, ó bi í léèrè ohun tó gbá mọ́ra.

"Páìpù ni," ni Motimọ̀ wí. Ó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú. "Ẹnì kan ti ń jí omi wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ó wà níbí."

Tíṣà sún mọ́ ọn. "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Láti ọjọ́ tí Motimọ̀ ti dáyé, kò sẹ́ni tó bi í ní ìbéèrè yẹn rí. Ó wo Tíṣà, ó wo páìpù. Kí ó tó rí èsì, jórinjórin ti tọpa ihò náà lọ, ó sì kígbe láti inú ilá pé oko Ìyá Onílá ni ẹnu rẹ̀ yọ sí. Gbogbo wọn yíjú sí ìyá náà. Òun náà ti dìde lórí àpótí rẹ̀. Ó ní òun ò mọ ohun tí wọ́n ń fi páìpù ṣe, pé kí wọ́n má lé òun, pé òun lè padà sí oko òun àtijọ́ bó bá jẹ́ ohun tí wọ́n fẹ́ nìyẹn.

Ìbá rọrùn fún Motimọ̀ láti dákẹ́. Kódà, oko bàbá rẹ̀ ìbá bọ́ sí i lọ́wọ́ padà lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ó wo ọwọ́ ìyá àgbà náà lórí ọ̀pá, ojú sì tì í gan-an.

"Kì í ṣe Ìyá," ló wí. "Èmi ni. Láti ọdún kejì."

Tíṣà wá ṣíwèé. Ó ní òfin kẹtàlá wà fún irú rẹ̀, ó sì bi í bóyá kí òun kà á, àbí ó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀.

"Ẹ kà á, mà," ni Motimọ̀ wí láti inú ẹrẹ̀. "Ẹ rọra kà á."

Òfin kẹtàlá ní ẹni tó bá jí omi, òun nìkan ni yóò kó gbogbo ẹrẹ̀ tó wà nínú ojú omi, láti orí rẹ̀ dé ìparí rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà ni Motimọ̀ fi kó o. Àwọn èèyàn gbé àga wá, wọ́n jókòó sí bèbè, wọ́n ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́bìrì mú. Jórinjórin yá fèrè rẹ̀, ó sì ń fọn ọ́n nígbàkígbà tó bá nàró sinmi. Ìyá Onílá ló ń bu omi mímu fún un láti òkè, ó ń sọ pé kó rọra, pé kò mọ́ ọn lára.

Ẹrẹ̀ ọdún mẹ́rin ló kó jáde. Ní ọjọ́ kẹfà, omi ṣàn gba iwájú ogójì ilẹ̀kùn kọjá, ó sì dé ìparí rẹ̀, ó mu èèyàn dé ọrùn ẹsẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ gbé garawa, ó dojú rẹ̀ dé lórí bèbè, ó jókòó lé e, ó ń wo omi náà tó ń wọ ẹ̀fọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdajì tòmátì ti kú. Ìdajì tó kù gbé orí sókè, ó so, kò pọ̀, àmọ́ ó gbé ilé náà dé ìgbà òjò. Motimọ̀ kò sì dẹwọ́. Ẹni tí oko rẹ̀ wà níbi tí omi parí sí, kò lè gbà kí omi parí síbòmíràn. Kò sí oko kan tí kò mu omi yó lọ́dún náà.

Òkìkí wọn bá kàn. Abúlé kan tó wà lókè odò rán àwọn mẹ́rin wá kọ́ bí wọ́n ṣe ṣe é, torí pé omi tiwọn kì í dé ìsàlẹ̀. Motimọ̀ wẹ̀, ó para, ó kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sí ìbàdí, ó sì dúró síwájú kíláàsì. Àlejò kan bèèrè àṣírí rẹ̀. Motimọ̀ wúkọ́, ó ní ìmọ̀ ni. Tíṣà ní kó jókòó.

"Kò sí àṣírí níbẹ̀," ni Tíṣà wí fún àwọn àlejò. "Ẹni tó bá ń pín omi ni kó mu kẹ́yìn. A wá ẹni tí òùngbẹ ò lè gbẹ kó dákẹ́, a sì fi í síbẹ̀."

Àwọn àlejò kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n wo Motimọ̀ dáadáa, wọ́n sì tún kọ díẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ náà bá a délé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó rẹ̀ ń já ẹ̀fọ́ lójúlé, Motimọ̀ sì jókòó tì í. Ó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ṣì ń kọsẹ̀.

"Òfin kẹsàn-án yẹn," ló wí. "Ta ló mú un wá gan-an?"

"Èmi ni," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn. Kò gbójú kúrò lára ẹ̀fọ́.

"Ta ló wá sọ pé èmi ló máa bọ́ sí i?"

"Èmi náà ni. Ìpàdé kẹrin ni."

Motimọ̀ ń wo ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ tó ń já ewé kúrò lára igi. Ó ní, "Gbogbo ilé náà sì gbà? Kò wá sẹ́nì kankan tó gbè mí?"

"Ẹnì kan gbè yín. Ìyá Onílá dìde, ó bẹ̀ wá pé ká má ṣe é. Ó ní àánú yín ń ṣe òun. Ó ní láti ọdún mẹ́rin tí òun ti ń wò yín, òun ò rí nǹkan kan tẹ́ ẹ mọ̀ nínú iṣẹ́ oko, àfi pé omi wà nítòsí yín."